Ta Ló Sọ fún Un? Ọkàn, Ojúlùmọ̀ àti Owó Kòkó ní Ìdànrè

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kò tó 3,000 dọ́là. Òjò tó rọ̀ jù, ọ̀dá tó tẹ̀lé e àti àrùn tó ń pa igi kòkó ní Ghana àti Côte d'Ivoire, níbi tí èyí tó ju ìdajì kòkó ayé lọ ti ń wá, ló fà á. Ní Ìdànrè, ìlú tí àpáta yí ká lẹ́bàá Àkúrẹ́, ìwé ìròyìn kọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ló ti kọ́kọ́ dún, ó gba orí fóònù, ó wọ ọkọ̀ akérò, ó dé agbo-ilé. Ẹni tó ta àpò kòkó rẹ̀ lánàá gbọ́ iye tí aládùúgbò rẹ̀ tà á lónìí, oúnjẹ alẹ́ ò sì lọ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun.

Bí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ ra ṣíà kankan rí láyé rẹ̀, olùdókòwò gidi ni. Ní Ghana, ìjọba ló ń kéde iye tí àgbẹ̀ máa gbà nígbà tí ìkórè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Côte d'Ivoire. Ní Nàìjíríà, ọdún 1986 ni ìjọba Babangida tú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó ká, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Board. Láti ìgbà náà, iye àárọ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì máa pinnu bóyá òun á tà lónìí tàbí òun á ṣe sùúrù. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Board kógbá sílé tí wọ́n rí ohun tí ìyẹn lè dà. Àwọn oníṣòwò tó ń wá dọ́là lójú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó ní iyekíye, wọn ò bìkítà bó gbẹ tàbí kò gbẹ. Iye rẹ̀ fò lọ sókè, ó sì tún já lulẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀.

Ó dára kí ènìyàn dúró sí ìsọ̀ kòkó kó wo bí ìpinnu yẹn ṣe ń wáyé. Ọkùnrin tó ń rà á ki ọwọ́ bọ àárín àpò, kì í ṣe orí rẹ̀, torí orí ni wọ́n máa ń kó èyí tó dára sí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́ra lẹ́bàá etí. Kòkó tó gbẹ dénú a máa dún, èyí tó ṣì lómi á dákẹ́. Ó fi ọ̀bẹ la mẹ́ta mẹ́rin, ó wo inú wọn bóyá ó ti hu funfun. Wọ́n gbé àpò sórí ìwọ̀n, ó wo fóònù rẹ̀, ó dárúkọ iye. Títí di ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ojú rí, ọwọ́ lè kàn án, ènìyàn sì lè bá a jà sí i. Àgbẹ̀ wá mí kanlẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó bọ́ síta láti pe ẹnì kan lórí fóònù. Ìpè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ àròkọ yìí dá lé.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló ṣáájú. Ní ọdún 1979, ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, gbé ìwádìí kan jáde tó yí ojú tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi ń wo ènìyàn padà. Wọ́n ní kì í ṣe iye tó wà lápò ènìyàn ló ń darí rẹ̀ bí kò ṣe bí iye náà ṣe jìnnà tó sí ibi tó ti fojú sí. Bí ó bá ju ibẹ̀ lọ, èrè ni lójú rẹ̀. Bí kò bá tó o, àdánù ni. Àdánù a sì máa dun ènìyàn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì adùn tí èrè tó bá a dọ́gba ń fún un. Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 2002. Tversky ti kú ní 1996.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ kan tó ní àpò mẹ́fà nínú yàrá ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí ìdajì iye oṣù Kejìlá 2024 fún un ní ọdún 2023, á pe àwọn ẹbí rẹ̀ jọ, á ṣe ìdúpẹ́. Kí ọdún 2025 tó parí, ìdajì yẹn gan-an ni iye tó wà lọ́jà àgbáyé, ó sì wò ó bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Owó kan náà ni, kòkó kan náà ni. Ibi tí ojú rẹ̀ ti lọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó pa àpò mẹ́fà náà mọ́, ó ní ó máa tún gòkè. Nígbà tí owó ń gun òkè lójoojúmọ́, ó ti yára ta tirẹ̀ kí ọwọ́ má bàa bọ́; ìgbà tó wá ń sọ̀kalẹ̀ ló tó ní sùúrù.

Kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tó ń ra ṣíà ń ṣe ní ìlú òyìnbó. Hersh Shefrin àti Meir Statman ti kọ nípa rẹ̀ ní 1985, pé olùdókòwò a máa sáré ta èyí tó ti mú èrè wá, á sì dì mọ́ èyí tó ń gbé e lulẹ̀, nítorí pé bí ó bá tà á, ó ti gbà pé òun ṣàṣìṣe nìyẹn. Terrance Odean fi àkáǹtì 10,000 ní ilé-iṣẹ́ alárinà ṣíà kan ní Amẹ́ríkà dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Èyí tó tún dun ni ni pé láàárín ọdún kan tó tẹ̀lé e, àwọn ṣíà tí wọ́n tà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi pamọ́ lọ. Ti àgbẹ̀ kòkó tún le díẹ̀ sí i, torí ṣíà kì í hu funfun nínú àpò.

Ebi àti gbèsè náà ní ọwọ́ tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìn-ín-ní ni owó ńlá kòkó máa ń wọlé. Bó bá di oṣù Keje, owó ti tán lápò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ máa ń gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, lórí èso tó ṣì wà lára igi, ní iye tí kò ní gbà láéláé bí ara bá tù ú. Ní 2013, àwọn olùwádìí kan ròyìn nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò làákàyè ṣáájú ìkórè bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́yìn ìkórè. Àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n dán wò nígbà méjèèjì. Àìlówó ti gba àyè tí ìrònú ì bá gbà. Ẹni tó bá ń bú àgbẹ̀ pé kò gbọ́n lóṣù Keje, kó padà wá bá a sọ̀rọ̀ lóṣù Kejìlá.

Àmọ́ ọkàn ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe gbogbo èyí. Ta ni àgbẹ̀ yẹn pè lórí fóònù?

Bí kòkó fúnra rẹ̀ ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá lè là wá lóye. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ African Church, dá oko kòkó sí agbègbè Agége. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìgbèríko wá ṣiṣẹ́ lébìrà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, irúgbìn àti ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín wà lọ́wọ́ wọn. Ìjọ gbé e lọ síwájú, àwọn mọ̀lẹ́bí gbé e lọ síwájú, ó sì ń ti ìlú dé ìlú, títí ó fi wọ igbó tó wà nísàlẹ̀ àpáta Ìdànrè. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ará ìlú ń fi ilé wọn lórí òkè sílẹ̀, tí wọ́n ń gba àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ wálẹ̀ wá tẹ Òdòdé àti Aládé dó, ní àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń ṣáájú nínú kòkó ní Nàìjíríà, Ìdànrè sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń mú un jáde jù níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò: igi kòkó máa ń tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so. Kí ni yóò mú àgbẹ̀ tó ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ́dọọdún gé igbó, kó gbin ohun tí kò lè jẹ, kó sì dúró de ọjà tí kò mọ̀? Kì í ṣe ìṣirò. Ojúlùmọ̀ kan tó fọkàn tán ló ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun tó ń ba òwò àwọn Yorùbá jẹ́ ni pé wọ́n ń tẹ̀ lé ará ilé wọn, kó wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ ní Òdòdé, kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe é. Ìwádìí kan tí Harrison Hong, Jeffrey Kubik àti Jeremy Stein gbé jáde ní 2004 fi hàn pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá aládùúgbò wọn ṣe, tí wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, máa ń ra ṣíà ju àwọn tó ń dá gbé ayé wọn lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúlùmọ̀ tó ń gbeni àti èyí tó ń ba òwò ẹni jẹ́ kò ju èyí lọ: kí ni ojúlùmọ̀ náà rí tó fi ń sọ̀rọ̀? Ẹni tó mú kòkó dé lè mú arákùnrin rẹ̀ wọ oko, kó fọwọ́ kan igi, kó la èso wò, kó rí èyí tó gbẹ lórí ìdúró, kó tún rí èyí tí òkété jẹ. Igi náà ń sọ èrè, ó ń sọ àdánù, lójú gbogbo ayé.

Ohun tó gbòde ní ọdún 2016 kò ní igi kankan.

MMM ni wọ́n ń pè é. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti wó lulẹ̀ ní 1994, wọ́n sì ti rán òun náà lẹ́wọ̀n nítorí jìbìtì. Nígbà tó máa fi dé Nàìjíríà, ìlérí rẹ̀ ni pé owó tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ á fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé lóṣooṣù. Kò sí ilé-iṣẹ́, kò sí ọjà, kò sí oko. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó sílẹ̀, wọ́n á ní ó ṣe PH. Ẹni tó bá gba tirẹ̀, wọ́n á ní ó ṣe GH. Bó bá sì mú ẹlòmíì wá, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó onítọ̀hún jẹ́ tirẹ̀.

Ojúkòkòrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi. Ó yá wọn lẹ́nu jù. Ọdún 2016 ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà rẹ̀yìn débi tí kò dé fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Náírà ti já, ọ̀wọ́ngógó ọjà sì kọjá ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún náà tó parí. Owó tó jókòó jẹ́ẹ́ sí báńkì ń dín kù lójoojúmọ́, àtòṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò san owó oṣù fún, àtoníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ò lọ, gbogbo wọn ló ti rí ara wọn lábẹ́ ibi tí wọ́n fojú sí. Kahneman àti Tversky ti sọ ti irú àkókò yìí náà. Ẹni tó wà nínú èrè máa ń ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí ara rẹ̀ nínú àdánù á dáwọ́ lé ohun tí kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ tó dára, bí ó bá ṣáà lè gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. MMM kò wá bá àwọn tó yó. Àwọn tó ń rì ló wá bá, ó sì na okùn sí wọn.

Ọgbọ́n mìíràn tí MMM fi fa àwọn ará ibí mọ́ra ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá gba owó gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà ayọ̀, àwọn mìíràn a sì máa ya fídíò ara wọn: orúkọ mi ni báyìí, iye báyìí ni mo fi sílẹ̀, iye báyìí ló wọlé, mo dúpẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì rí ní Ìdànrè, ní Àkúrẹ́ tàbí níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá mọ ohùn yẹn. Ohùn ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni. Etí ti mọ́ ọn pé bí ẹnì kan bá ti dìde pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a dáhùn pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe kí a ní kó mú ìwé ìṣirò wá. Báńkì Àpapọ̀ kìlọ̀, àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò kìlọ̀. Ìkìlọ̀ orí rédíò wo ló fẹ́ borí alert tó dún lórí fóònù ẹ̀gbọ́n ẹni, tí a sì fojú ara wa rí i? MMM tiẹ̀ ti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èsì sílẹ̀: inú ló ń bí báńkì torí àṣírí wọn tú.

Wọn kì í fi owó ńlá bẹ̀rẹ̀. 10,000 náírà ni, ó padà wá ní 13,000. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú 20,000. Lẹ́yìn náà ni owó ilé-ìwé ọmọ wọ inú rẹ̀, tàbí owó símẹ́ńtì, tàbí owó kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí owó ìkórè kòkó wà lọ́wọ́ tí Kérésìmesì sì ń kanlẹ̀kùn, MMM kéde pé òun ti gbogbo àkáǹtì pa fún oṣù kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní oṣù Kìn-ín-ní, owó kò jáde mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó aráàlú ní báńkì sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Mavrodi kú ní Moscow ní oṣù Kẹta ọdún 2018.

Bí ojúlùmọ̀ ṣe ń mú ènìyàn wọlé náà ló ń mú wọn sá jáde. Morgan Kelly àti Cormac Ó Gráda yẹ ìwé báńkì kan wò ní New York, báńkì tí àwọn ará Ireland tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ń fi owó pamọ́ sí. Ní 1854 àti 1857, ìjayà mú kí ọ̀pọ̀ sáré lọ kó owó wọn. Àwọn olùwádìí náà bi ara wọn pé kí ló ya ẹni tó sá sọ́tọ̀ sí ẹni tó dúró. Kì í ṣe iye owó tó ní ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó ní ìlú náà. Àgbègbè tí wọ́n ti wá ní Ireland ni. Àwọn ọmọ ìlú kan náà ń gbé ládùúgbò kan náà, ohun tí ọ̀kan bá gbọ́, gbogbo wọn ti gbọ́. Ẹni tó mọ bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ń ṣe ìpàdé ní Èkó tàbí ní Peckham ní London kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní MMM burú torí jìbìtì ni, pé bí ó bá jẹ́ òwò gidi ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Lẹ́yìn tí Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà ní owó ìpìlẹ̀ kí ọdún 2005 tó parí, gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń ta ṣíà bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ ẹbí. Òṣìṣẹ́ báńkì ń kó fọ́ọ̀mù kiri lọ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀, àwọn ènìyàn ń yá owó láti fi rà á. Òǹkà gbogboogbò ọjà ṣíà Nàìjíríà kọjá 66,000 ní oṣù Kẹta 2008. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, owó àwọn tó ní ṣíà nínú wọn sì wọ omi. Ọ̀pọ̀ ló búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ṣíà mọ́ láyé. Wọ́n pa ìbúra náà mọ́, títí òǹkà yẹn fi kọjá 100,000 ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, tí wọn ò sí níbẹ̀. Náírà ti rù gan-an láàárín àkókò náà, kò sì yẹ ká fi òǹkà yẹn tan ara wa. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù tó pẹ́ jù náà ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àfi pé kì í fún ènìyàn ní rìsíìtì.

Ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lẹ́yìn MMM ni CBEX wó. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn tó ti fi owó sí i ṣí fóònù wọn, wọ́n rí òdo. Ìlérí CBEX ni pé kọ̀ǹpútà tó ń dá ronú ló ń bá àwọn oníbàárà ra owó orí ẹ̀rọ, tó ń tà á, owó á sì di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ru àga, wọ́n ru ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Èyí tó yani lẹ́nu jù tẹ̀lé e: wọ́n ní kí àwọn oníbàárà san 100 dọ́là, tàbí 200 fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè fìdí àkáǹtì wọn múlẹ̀. Àwọn kan san án. Ẹni tó ti sọ owó ńlá nù kò tíì gbà nínú ara rẹ̀ pé ó ti lọ, ọgọ́rùn-ún dọ́là sì dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrètí pé yóò padà.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn ò fi kọ́gbọ́n lára ti 2016? Àwọn kan lára àwọn tó wọ CBEX ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà náà. Ìyẹn ṣe kókó. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí wọn kì í sọ. Ẹni tó jèrè ní MMM jẹ́rìí. Ẹni tó pàdánù dákẹ́. Ta ló fẹ́ dìde ní ìpàdé ẹbí kó ní òun ti sọ owó ilé-ìwé ọmọ òun nù? Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe kún fún ìtàn àwọn tó rí owó gbà, tí ìtàn àwọn tí kò rí gbà wà nínú yàrá. Ọmọdé tó gbọ́ apá kan ìtàn yẹn, apá kan náà ló máa fi ṣèpinnu. Níbi oko kòkó, igi tó kú máa ń dúró sójú ọ̀nà kí gbogbo ènìyàn rí i.

Òótọ́ ni pé ìtìjú àti ojú ayé kan náà lè gba owó ẹni là, àwọn ará Ìdànrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ẹ wo káàdì alájọ. Àpótí 31 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Oníṣòwò kékeré á dá iye kan náà lójoojúmọ́, alájọ á fi bíírò fa ìlà sí i, bó bá sì di ìparí oṣù, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún un. Bí a bá fi ojú báńkì wò ó, ìwà wèrè ni: ẹnì kan ń sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó tirẹ̀! Ṣùgbọ́n oníṣòwò náà mọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé owó tó bá wà nílé, ẹni tó ń tọrọ á rí i, aṣọ ẹbí á rí i, òun fúnra rẹ̀ náà á rí i. Alájọ tó ń kọjá ní ìsọ̀ lójoojúmọ́ ló ń rà.

Ti ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ yá owó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, kó ní oníduúró méjì, kí akọ̀wé sì kà á jáde bí kò bá san án lásìkò. Ohun tó fi yàtọ̀ sí lẹ́tà ayọ̀ MMM nìyẹn. Wọ́n ń ka gbèsè sókè níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka èrè. Bí àwọn àgbẹ̀ kòkó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nípa owó títà náà, tí ẹni tó tà á ní àsìkò tí kò dára ń sọ iye rẹ̀ gbangba bí ẹni tó tà á ní oṣù Kejìlá 2024, fóònù tí àgbẹ̀ bọ́ síta lọ gbé yẹn á wúlò gan-an ju bó ṣe wà lọ. Àwọn kan ti ń dọ́gbọ́n sí i fúnra wọn: wọn kì í ta gbogbo àpò wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ta ìdá kan bí ó bá ti gbẹ, èyí tó tó san owó lébìrà àti owó ilé-ìwé, wọ́n á fi èyí tó kù dúró de ọjọ́ tí wọ́n ti mú sílẹ̀. Kò ní fún wọn ní iye tó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí iye àná máa pàṣẹ fún wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí CBEX tó wó, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun. Ẹni tó bá dá irú òwò àgbélẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, kó sì san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà. Àjọ SEC tún ti kìlọ̀ pé kò yọ àwọn tó ń polówó rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ku ìbéèrè kan tí ilé-ẹjọ́ kò lè tètè dá, tó sì máa ń wá síwájú àwọn àgbà ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mú àbúrò wọlé, owó àwọn méjèèjì lọ. Ṣé arúfin ni ẹ̀gbọ́n, àbí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bíi ti àbúrò? Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ dájọ́ náà dáadáa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi í ni bóyá ó gba ìdá mẹ́wàá lórí owó àbúrò rẹ̀, àti bóyá ó sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òun ń gbà á. Bí ó bá gbà á tí kò sọ, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ dá padà kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.